Ẹ̀kú Kì Í Ṣe ti Ẹnìkan: Ìtàn Ìgbéwọ̀ ní Ilẹ̀ Òkun àti Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí géèmù tuntun kan bá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí olúkúlùkù ti ń yan ara mìíràn, orúkọ mìíràn àti agbára mìíràn kí ó tó wọ inú ayé àròsọ lọ bá àwọn ẹlòmíràn, àwòrán ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ń dá lé lórí. Wọ́n á ní ewé igi ń mì bíi pé afẹ́fẹ́ gidi ni, wọ́n á ní idà ń kọ mànà. Ẹlòmíràn á ní dátà ni ó ń jẹ, pé fóònù òun ti gbóná kí òun tó rìn dé ìlú kejì. Ìdájọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, n kò sì bá a wí, nítorí ojú ni ó kọ́kọ́ ń jẹun kí ẹnu tó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìjùmú dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní òṣùwọ̀n mìíràn lọ́wọ́. Ní agbègbè yìí, kí èèyàn bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì gbé ti ẹlòmíràn wọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Eégún wà, oyè wà, ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọ inú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé ìgbéwọ̀ ní ilẹ̀ Òkun kò fìgbà kan jẹ́ ti ẹni tí ó gbé e wọ̀ nìkan. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni aṣọ ti ń wá, ẹnu ẹlòmíràn ni orúkọ ti ń jáde, ìyọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni ẹni náà fi ń gun ìpele. Ìdí nìyí tí ó fi la ogun já, tí ó fi la ìyípadà ẹ̀sìn já. Ó yẹ kí á fi èyí wo géèmù tuntun kí á tó wo ewé tí ń mì.

Òkun kì í ṣe orúkọ ìjọba kankan. Ìkíni ni, òun ni Owé ará Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń kí ara wọn, ibẹ̀ ni orúkọ tí a ń pe gbogbo wọn pọ̀ ti wá. Àwọn ni Yorùbá tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn àríwá, tí wọ́n bá Tápà àti Ẹ̀bìrà pààlà, tí ilẹ̀ wọn sì nà dé ẹ̀bá Lọ́kọ́ja níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ọba ńlá kan kò jẹ lórí gbogbo wọn rí. Ìlú kéékèèké ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn àgbà àti àwọn olóyè rẹ̀, òkè àpáta ni ó sì yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ká. Ade Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn àti awalẹ̀pìtàn tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Òkun, kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970 pé irú ìlú kéékèèké báyìí ni ó yẹ kí á fi mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, nítorí ó yí ojú ìwòye padà: kò sí ìdí láti máa wo ilẹ̀ Òkun bí etí ìlú tí ọ̀làjú Ọ̀yọ́ kò dé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibi tí ètò àtijọ́ ti pẹ́ jù lọ.

Fún ọ̀rọ̀ ìgbéwọ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀dọ̀ ọba ni eré ti ń gba àṣẹ, iwájú ọba ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, Aláàfin jẹ́ kí àwọn eégún aláré ṣeré fún un. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: àwọn kan jó nínú àpò, eégún kan di òjòlá tí ń wọ́ nílẹ̀, òmíràn sì bọ́ aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi di òyìnbó, ara rẹ̀ funfun, ó rù, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wo àlejò wọn bóyá inú rẹ̀ dùn. Eré aláwàdà tí ó gbọ́n ni, òun ni àwọn aláàrìnjó jogún, òun sì ni ó bí tíátà orí ìtàgé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di òjòlá lọ́jọ́ náà, òṣèré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, Aláàfin ni ó ń ṣe é fún. Ní ilẹ̀ tí kò ní ààfin bẹ́ẹ̀, òṣèré kò lè jẹun lọ́wọ́ ọba. Ilé, ẹbí àti ìlú ni wọ́n ni ìgbéwọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú lónìí gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ lánàá, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni Ọ̀yọ́ ti rí awo eégún gbà, ní ayé Aláàfin Òfinràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Òkun tí ó bá Tápà pààlà kò ní láti dúró de Ọ̀yọ́ kí ó tó mọ eégún.

Ẹ jẹ́ kí á wo aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù lọ. Elisha Renne gbé ní ilẹ̀ Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1995 lórí aṣọ Bùnú sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó fi inú àti ẹ̀yìn ilẹ̀ Òkun hàn jù lọ. Obìnrin ni ó ń hun aṣọ níbẹ̀. Òfì wọn kì í ṣe òfì olókùn gígùn tí àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn ń jókòó sí. Èyí dúró gbọọrọ ti ara ògiri, obìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀, ó ń fi igi pẹlẹbẹ lu òwú wálẹ̀, aṣọ tí ó ń jáde sì fẹ̀. Nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n ń hun, aṣọ ìpò ni olórí. Pupa ni. Nítorí pé aró ilẹ̀ wọn kì í mú irú pupa yẹn jáde lára òwú, aṣọ pupa tí oníṣòwò gbé wá láti òkèèrè ni wọ́n máa ń tú, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó tún un hun pẹ̀lú ọgbọ́n ti ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ahunṣọ ni ó mọ̀ ọ́n. Aṣọ yìí ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà olóyè, òun náà sì ni eégún ń gbé wọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin tí kò gbọdọ̀ wọ inú igbó eégún, tí kò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀kú ti wá. Ọkùnrin tí ó gbé e wọ̀ kò lè hun ún. Oníṣòwò tí ó gbé aṣọ pupa wá kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Òkú olóyè ni ó sọ ọ́ di ohun ọlá. Kí eégún kan tó jáde sójú agbo, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣiṣẹ́ sí i lára, wọn kò sì fẹnu kò níbì kan, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wọn bá kọ̀, eégún kò jáde.

Kàbà fi ohun kan náà hàn nípa oyè. Eva Krapf-Askari, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Owé ní àwọn ọdún 1960, ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni oyè wọn: Igemo ni ìsàlẹ̀, Orota ni àárín, Ololu ni òkè. Ọbarò, Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu ni ó wà ní ìpele òkè pátápátá, Ọbarò sì ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ gòkè, owó yóò jáde lápò rẹ̀, oúnjẹ yóò jáde nílé rẹ̀, àwọn tí ó ti wà lórí ìpele náà yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì gbà á sí àárín wọn. Bí ó bá ti gba oyè, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ àtijọ́ mọ́ ní gbangba. Orúkọ oyè ni ó di orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì rí yóò mọ ohun tí mò ń wí: ìpele, orúkọ, aṣọ àmì-ẹ̀yẹ, agbára tí ń pọ̀ sí i. Ní 1978, ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí kọ géèmù kan tí Richard Bartle bá a parí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà. MUD ni wọ́n pè é. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ pé o wà lójú ọ̀nà tóóró, ìwọ yóò kọ ọ́ pé o fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá gun ìpele rẹ̀ dé òkè yóò di oṣó, yóò sì ní àṣẹ lórí ayé náà àti lórí àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Nínú ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn géèmù wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó ṣe kókó tó èyí: baba ńlá gbogbo wọn kò ní àwòrán, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò sùn nítorí rẹ̀. Ìpele àti ẹgbẹ́ ni ó mú wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe mú Owé.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń fi ẹ̀sìn wé eré, pé eégún kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ará ọ̀run ni, kì í ṣe ẹni tí ń díbọ́n. Ìbínú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tọ́, n kò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá jókòó sórí àga nílé tí ó ń fi ìka tẹ bọ́tìnì, kò sí baba ńlá rẹ̀ tí ó bá a jókòó níbẹ̀. Bí ó bá kú nínú géèmù, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Eégún kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó pààlà sí àárín méjèèjì, ẹ jẹ́ kí á rántí pé àwọn tí wọ́n ni ẹ̀sìn náà kò pààlà bẹ́ẹ̀. Ọdún eégún ni ọjọ́ ìrúbọ, òun náà ni ọjọ́ ìlù, ijó, ẹ̀fẹ̀ àti ìdíje. Ẹ̀rù ń bani, ẹ̀rín ń pani, lójú agbo kan náà. Ará ọ̀run tí ó wà nínú ẹ̀kú kì í sì dá rìn: atọ́kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń tọ́ ọ sọ́nà, tí ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ará ayé, tí ń dá a dúró bí inú bá bí i. Ohun tí mo ń fi wéra kì í ṣe ohun tí eégún jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbà pé ará ọ̀run ni yóò gbà pẹ̀lú pé ènìyàn ni ó fi òfin yí i ká, nítorí pé agbára tí kò ní òfin yóò pa onílé pa àlejò.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá ń yin ètò tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ta ni ó wà nínú 'gbogbo ìlú' yẹn? Obìnrin ń hun aṣọ, kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀kú. Tálákà tí kò ní ohun tí yóò fi ṣe àsè yóò wà ní ìsàlẹ̀ títí. Nínú géèmù, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lè di jagunjagun, obìnrin lè di ọba. Òótọ́ ni. Kò sí bí mo ṣe lè fi ìtàn bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Òkun ní ojú ìwé mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn tí ń jẹ́ Òfósì. Ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé yóò kúrò lójú ayé fún ìgbà kan, yóò wà ní ìpamọ́, yóò kọ́ èdè tí ará ìta kò gbọ́, nígbà tí ó bá sì jáde, kì í ṣe ẹni tí ó wọlé ni ó jáde mọ́. Èdè odidi kan, tí wọ́n ń kọ́ láti ẹnu dé ẹnu, tí ọkọ kò gbọ́, tí baba kò gbọ́! Ẹni tí ó bá rò pé ọkùnrin nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìgbéwọ̀ ní ilẹ̀ Òkun kò wo ibi tí ó yẹ kí ó wò. Obìnrin kò wọ ẹ̀kú ọkùnrin, ó ní ayé tirẹ̀ tí ọkùnrin kò lè wọ̀. Èyí kò mú ìrẹ́jẹ kúrò. Ó kàn fi hàn pé níbẹ̀ náà, ọwọ́ àwọn tí ó ti ṣáájú ni ẹni tuntun ti ń gba ara tuntun. Kò sí obìnrin tí ó lè jókòó sílé kí ó sọ ara rẹ̀ di Òfósì.

Ìdánwò dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń ya wọ ilẹ̀ Òkun lọ́dọọdún, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú tí ó bá ti túúbá. Ènìyàn ni wọ́n sì ń fi san ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí kò túúbá gun orí òkè, wọ́n wọ inú ihò àpáta. Àwọn tí wọ́n kó lọ di ẹrú ní oko Bídà tàbí ní ọjà tí ó jìnnà. Ìgbà náà kò dáwọ́ dúró títí di oṣù kìn-ín-ní 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company rìn láti Lọ́kọ́ja dé Kàbà, tí ogun Tápà tí ó pabùdó síbẹ̀ sì ti lọ kí wọ́n tó dé. Ogun dé Bídà fúnra rẹ̀ lóṣù kan náà. Ìlú tí wọ́n ti kó ìdajì ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ, báwo ni eégún rẹ̀ ṣe ń jáde? Ìdáhùn ni pé bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan péré ni ó ni ìgbéwọ̀, ọjọ́ tí wọ́n so okùn mọ́ onítọ̀hún lọ́rùn ni ìgbéwọ̀ náà kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Krapf-Askari dé Kàbà ní ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ogun, ìpele oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà ní ìdúró, nígbà tí Renne sì dé Bùnú, aṣọ ìpò ṣì wà nínú àpótí àwọn ẹbí. Wọ́n pa orúkọ mọ́, wọ́n pa aṣọ mọ́, wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e wọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀, láàárín Tápà fúnra wọn, ni a ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbéwọ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ àwọn díẹ̀. Àwọn Tápà ní eégún kan tí ń jẹ́ ndakó gboyá. Kò ní ojú, kò ní apá: aṣọ funfun gígùn roboto ni, igi gígùn wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè gbé e sókè títí yóò fi ga ju òrùlé lọ, kí ó tún rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lójijì. Àjẹ́ ni wọ́n ní ó ń mú. S. F. Nadel, tí ó ṣe ìwádìí láàárín Tápà ní àwọn ọdún 1930, kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tí ó ni ín ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba, pé bí wọ́n bá wọ ìlú, àwọn obìnrin yóò dá owó jọ kí wọ́n má baà fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wọ́n, pé ọba sì ní ìpín nínú owó náà. Àsẹ̀yìnwá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é. N kò lè ka ìtàn yìí kí n má ronú nípa àwọn géèmù tí ń ta agbára. Idà tí ọmọ kan fi oṣù mẹ́ta wá, ọmọ olówó á fi káàdì báńkì rà á ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì fi í na ọmọ àkọ́kọ́ títí ọmọ náà yóò fi sanwó tàbí kí ó kúrò. Ìpele wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, àwòrán sì lè dára ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú géèmù tí ó wà lọ́wọ́ òun, kí ó wo ibi tí agbára ti ń wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní: ṣé ẹgbẹ́ ni ó ń fúnni ni, àbí ilé ìtajà?

Àwọn ìyípadà tí ó tẹ̀lé ogun kò gba àlàyé gígùn. Tommy Titcombe, ajíhìnrere ti Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní 1908. Ilé ìjọsìn, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé sì kẹ̀yìn sí eégún. Ìpínlẹ̀ Kwara gba ilẹ̀ Òkun mọ́ra lẹ́yìn 1967, Kogí sì gbà á láti 1991. Aṣọ ìpò di ohun tí àwọn obìnrin díẹ̀ mọ̀ ọ́n hun. Lójú ẹni tí ó bá rò pé ìgbéwọ̀ kò lè wà láìsí eégún, ìtàn náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn ni ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìgbéwọ̀ sínú yàrá ìkàwé. Ní 1938, D. O. Fágúnwà láti Òkè-Igbó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, gbogbo ọmọ ilé ìwé Yorùbá ni ó sì kà á. Ẹ wo àwọn tí ó rìnrìn àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kákò ní kùmọ̀ àti agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin, Ẹfòyé ní ọfà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Àkàrà-oògùn ní oògùn. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe, ẹnìkan ṣoṣo kò sì lè dé Òkè Láńgbòdó. Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn èyí, ní 1974, ni Gary Gygax àti Dave Arneson ní Amẹ́ríkà tó tẹ Dungeons & Dragons jáde, géèmù orí tábìlì tí gbogbo géèmù irú èyí jáde láti ara rẹ̀: jagunjagun kan, oṣó kan, àlùfáà kan, tí wọ́n jọ ń rìn nínú ihò ilẹ̀. N kò sọ pé Amẹ́ríkà jí i gbé lọ́dọ̀ Fágúnwà. Fágúnwà kò dá a sílẹ̀ láti inú òfìfo ni mo ń sọ. Ó gbé ayé tí ó ti rí i pé ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ sínú ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ géèmù ní Áfíríkà lónìí mọ èyí. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde ní 2016, géèmù tí ọba àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ ń jà pẹ̀lú agbára àwọn baba ńlá wọn. Kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé a kò ní láti dúró de dírágónì àti ilé olódi ilẹ̀ Yúróòpù. Ó yẹ kí irú rẹ̀ jáde láti ilẹ̀ Òkun lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́ kí ó jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n má kàn ya aṣọ pupa sára àwòrán kí wọ́n sì pè é ní eégún Bùnú. Bí géèmù náà bá fẹ́ jẹ́ ti Òkun ní tòótọ́, kí ẹni tí yóò wọ aṣọ ìpò má lè rà á. Kí ó wá ahunṣọ, kí ahunṣọ wá ẹni tí yóò tú òwú, kí àwọn àgbà ìpele òkè jẹun nílé rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwòrán rẹ̀ lè má dára. MUD kò ní àwòrán.

Ó ku àtakò kan, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn yóò sọ: pé nínú géèmù, èmi ni mo yan ara mi, èmi ni mo ni ín, kò sí àgbà tí ó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Òmìnira ni wọ́n ń pè é, òmìnira sì dára. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ òótọ́ pé àwọn ni wọ́n ni ín. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni ín. Géèmù City of Heroes, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń gbé aṣọ akọni wọ̀ láti 2004, ni ilé-iṣẹ́ NCsoft tì pa ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2012. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kó ara wọn jọ sójú kan nínú ìlú àròsọ náà, wọ́n gbé iná lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìlú náà sì pòórá, pẹ̀lú gbogbo ara tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́. Ìpele, orúkọ àti aṣọ tí wọ́n pè ní tiwọn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ kò lọ. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú wọn ń tún ayé náà kọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ní 2019 ni ó sì hàn sí gbangba pé ó ti jí dìde lórí kọ̀ǹpútà àwọn olùfẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, NCsoft fún àwọn tí ń pe ara wọn ní Homecoming ní ìwé àṣẹ láti máa bójú tó o lọ. Wọn kì í ta idà níbẹ̀. Owó tí àwọn tí ń ṣeré ń dá jọ lóṣooṣù ni wọ́n fi ń san owó kọ̀ǹpútà tí ayé náà jókòó lé.